Ṣé Ẹ Gbà Á Gbọ́?

Lóṣooṣù ni ìjọ wa máa ń fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí èmi tí wọ́n rán lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, pé kí n kọ ìròyìn iṣẹ́ mi sínú rẹ̀. Ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ilé mélòó ni mo bẹ̀ wò, aláìsàn mélòó ni mo gbàdúrà fún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ "Ọkàn tí a jèrè" sí. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ "Òfo" síwájú ìlà yẹn. Nígbà tó yá, mi ò tilẹ̀ wo ìwé náà mọ́ bí mo bá ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi á kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á kọ òfo, màá sì pa ìwé dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo dé Èkó láti ìlú kékeré kan ní Èkìtì. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni. Gbogbo ará Èkó ló ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sọdá, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura pé èmi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì rárá.

Wọ́n gba yàrá fún mi nínú agbo ilé àwọn Mùsùlùmí kan nítòsí ọjà Jankara. Ibẹ̀ ni oko wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìjọ ti wí, èmi sì ni òṣìṣẹ́ oko. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé oko náà ti ní olóko láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Kí n tó yí ìhà kejì lórí ẹní láàárọ̀, gbogbo ilé á ti ṣe àlùwàlá, wọ́n á ti kírun, àwọn kan á ti máa gbálẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n wá jí wọn lójú oorun ẹ̀ṣẹ̀ ni mo máa ń jí kẹ́yìn.

Ìyá tó dàgbà jù nínú agbo ilé náà ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti tìróò ló ń tà ní Jankara. Ẹ dákun, "ó" ni màá máa pè é nínú ìwé yìí kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ yín lójú. Bó bá jẹ́ pé ó jókòó tì mí níbí ni, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó sì ní ojú kan tó fi ń wo èèyàn bíi pé ọjà tí wọ́n fẹ́ tà ní ọ̀wọ́n fún un ló ń wò. Ọjọ́ tí mo dé, ó ní kí n jókòó.

"Kí lo wá ṣe l'Ékòó?"

"Mo wá wàásù ni, mà."

"Fún ta?"

"Fún yín, mà."

Ó ṣí ìdérí ìkòkò kan wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ti jẹun?"

Mi ò tíì jẹun. Ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata fún mi, mo jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn.

Mo ṣiṣẹ́ o. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mi ò ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, èmi àti télọ̀ ará Ìjẹ̀bú kan tó wà nínú ìjọ wa máa ń lọ dúró lẹ́nu Ọjà Balógun, èmi á mú agogo, òun á mú ìwé ìléwọ́. Oòrùn á pa wá, èrò á máa gbá wa síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyá kan tó ń ta léèsì níbẹ̀ máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, á béèrè àwọn òbí mi, á wá ní, "Mísì, abẹ̀g, ẹ sún díẹ̀, ẹ dí kọ́sítọ́mà mi." Màá sún díẹ̀. Bí mo bá délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú débi pé bàtà ò ní fẹ́ bọ́. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń pè mí ní Mísì. Àfi tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ Èkìtì lójijì ni wọ́n máa ń rántí pé ará òkè ni mí, wọ́n á sì ní kí n tún un sọ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí mo rí i pé ìwàásù mi ò wọ ẹnikẹ́ni létí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin agbo ilé náà ní ìwé kíkà. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì la máa ń ṣe é, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n sì di mẹ́tàdínlógún. Ọ̀kan fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan ní òun fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ láìbéèrè lọ́wọ́ kọ́ńdọ́tọ̀ aláfojúdi. Ìyá Àgbà ní òun ti dàgbà jù fún irú ẹ̀. Ó gbé àga tirẹ̀ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣa ẹ̀wà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ilé kan dúró níwájú pátákó, ó ń tiraka, ó ka "Màmá mu Èkó." Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ yíjú padà.

"Wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ẹ̀kọ ni. Ta ló máa mu Èkó tán?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé àga rẹ̀ wá síwájú.

Ọdún kejì ni ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá Àgbà kò lọ sọ́jà fún ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó ń se àgbo, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara mi, ó ń bá ẹnikẹ́ni tó bá pariwo nínú agbo ilé jà. Bí mo bá lajú lọ́sàn-án, màá rí i lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, tó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí mo ń kọ ìwé oṣù yẹn, mo dé ìlà aláìsàn tí mo gbàdúrà fún, mo dá bírò dúró. Àwọn ni wọ́n gbàdúrà fún èmi aláìsàn, kò sì sí ìlà tí mo lè kọ ìyẹn sí.

Mo fẹ́ràn wọn. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ariwo wọn láàárọ̀, mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ ìṣínu lóṣù ààwẹ̀ tí wọ́n sì ń ya tèmi sọ́tọ̀, èmi tí mo ti jẹun ọ̀sán ní tèmi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó rẹ̀ mí lọ́fun, ó sì rẹ̀ mí láti máa wo ojú àwọn èèyàn tí mo fẹ́ràn kí n máa rò pé iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe tán ni wọ́n. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń bọ̀ láti Marina lẹ́yìn tí mo ti fi ìwé oṣù ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, màá dúró síbi ọ̀sà fún ìgbà pípẹ́, màá kàn máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi. Mi ò gbàdúrà kankan níbẹ̀.

Ọdún kẹta, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ni lẹ́tà dé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ń bọ̀ láti ọjà, ó rí ojú mi.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Lẹ́tà ni."

"Mú un wá. Ṣebí mo mọ̀ ọ́n kà."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó gba lẹ́tà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin yòókù jáde wá. Báyìí ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé Alábòójútó ìjọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù láti wá wo iṣẹ́ náà, pé bí kò bá rí èso kankan, a ó dá yàrá padà fún onílé, arábìnrin yóò sì kọjá sí ibùdó wa ní Àkókó. Nígbà tó kà á tán, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan nítorí pé kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tó kà.

"Èso wo?" ó bi mí.

"Èèyàn ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, mà."

"Èèyàn ni èso?" Ó wo àwọn obìnrin yòókù. "Ta ló gbìn wá?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, láìpariwo.

"Tí bàbá yìí bá rí èèyàn, o ò ní lọ?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà."

"Ṣé o fẹ́ lọ?"

Mo ní mi ò fẹ́ lọ, omi sì bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn. Òótọ́ ni mo sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń ronú àtisinmi ní Àkókó. Ìyá Àgbà ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi.

"Ó dáa," ó ní.

Ó yẹ kí n ti fura. Mo ti tẹ̀ lé obìnrin yìí lọ sọ́jà, mo sì mọ̀ pé bó bá ti lè sọ "ó dáa" jẹ́jẹ́ báyẹn, ó ti pinnu ohun tó máa ṣe.

Ilé ìsìn wa, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ ni, nínú àdúgbò kan lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà. Bí òjò bá rọ̀, òórùn sìmẹ́ǹtì ṣì máa ń jáde lára ògiri. Àwa bíi mẹ́rìnlá la máa ń wà níbẹ̀: télọ̀ yẹn àti ìyàwó rẹ̀, àwọn akọ̀wé méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ará Ẹ̀gbá kan tó ń ta búrẹ́dì, àti ìdílé wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, Alábòójútó dé tòun ti kóòtù dúdú. Àgbàlagbà ni, ó ti wàásù ní ìjọ kan ní Èbúté Mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ òun náà. Ó wo àwọn bẹ́ǹṣì òfìfo, ó mí kanlẹ̀, ó ní ká kọ orin.

A ń kọ orin kejì lọ́wọ́ nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ funfun tó fi máa ń lọ kírun Yídì, ìborùn rẹ̀ funfun báláú. Àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀, tàwọn ti ìborùn. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò ó ní méjì-méjì. Télọ̀ sáré lọ fi bẹ́ǹṣì hàn wọ́n, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọjá lọ síwájú, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ní ìlà méjì tó gún régé. Orin kú mọ́ wa lẹ́nu. Ìyá Àgbà gbójú sókè wo Alábòójútó bíi pé kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ibi tí màá wò. Ojú ń tì mí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n dì mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Alábòójútó pa ìwé ìwàásù tó mú wá dé. Àárẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jókòó sí kó lè sún mọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ìwé. Ó sọ fún wọn nípa Ẹni tó rán wa níṣẹ́.

"Ó fi ilé Baba rẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Ó wá bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí gbé. Ó jẹ nínú oúnjẹ wọn, ó sùn lábẹ́ òrùlé wọn, ó rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rẹ̀ wọ́n. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tí mo ń sọ yìí, ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

Mo rí i tí orí wọn yí sọ́dọ̀ mi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ilé baba mi ní Èkìtì ni mo fi sílẹ̀. Ìrẹsì wọn ni mo ti ń jẹ láti ọdún mẹ́ta. Ìyá Àgbà náà wò mí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára mi kíákíá.

"A gbà á gbọ́," ó ní, tó fi jẹ́ pé gbogbo ilé ló gbọ́. "Kò purọ́ fún wa rí."

"A gbà á gbọ́!" àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀.

Alábòójútó yọ áńkáṣífù, ó ń nu ojú rẹ̀. Télọ̀ ń pariwo halelúyà. Èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ tí ara mi ń gbóná, nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èdè wa ni. Kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kò ya Olúwa sọ́tọ̀ kúrò lára Mísì. Àgbà nìkan ló máa ń yà sọ́tọ̀. Ká ní mo ti dàgbà ni, "A gbà wọ́n gbọ́" ni wọn ì bá wí, Alábòójútó ì bá sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe Olúwa ni wọ́n ń sọ. Ọmọdé tí mo jẹ́ ló dá gbogbo ìdàrúdàpọ̀ náà sílẹ̀.

Ìsìn parí. Àwọn obìnrin jáde lọ wá bàtà wọn, mo ń gbọ́ ohùn wọn níta, tí wọ́n ń ṣàwàdà nípa bàtà ta ni ta ni. Alábòójútó fà mí wọnú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Ó ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi sí, ó fi bírò lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "lẹ́tà yẹn, fúnra mi ni màá fà á ya. Níbí lo máa wà. Kọ orúkọ wọn."

Mo mú bírò lọ́wọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bí mo bá kọ méjìdínlógún yẹn sílẹ̀, mo délé, mo ti gbé ẹsẹ̀ mi sínú omi gbígbóná, kò sì sẹ́ni tó máa lé mi lọ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà yẹn ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Kò purọ́ fún wa rí. Báwo ni màá ṣe fi irọ́ dúró ti ẹni tó jẹ́rìí sí mi báyẹn?

"Sà," mo ní, "èmi ni wọ́n ń sọ."

"Báwo?"

"Wọn ò yí ẹ̀sìn padà, sà. Torí kí n má baà lọ ni wọ́n ṣe wá. Nígbà tí ẹ ní ṣé ẹ gbà á gbọ́, èmi ni wọ́n rò pé ẹ ń béèrè."

Mo rí i tí àárẹ̀ padà sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Mo mọ̀ wọ́n."

Kò bá mi wí. Ó kàn gba bírò lọ́wọ́ mi, ó pa ìwé dé, ó ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò fi gbogbo ẹnu sọ rí: bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, tí mo ń sunkún, inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ṣe iṣẹ́ ìhìnrere tó pé.

Ìyá Àgbà ti délé, ó ti bọ́ aṣọ funfun, ó ń pín ẹ̀wà fún àwọn èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ó ti parí, àbí? O ò lọ mọ́?"

"Mò ń lọ, mà. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní èmi lẹ ní lọ́kàn."

Síbí ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"O sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá yẹn?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní mi ò purọ́ rí, mà."

Ó gbé síbí kalẹ̀. Ó mú kẹ́tù rẹ̀, ó lọ ń ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àsìkò ìrun kankan ò tíì tó. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kí i, á jẹ́ mi, ó parí. Àwọn obìnrin yòókù ṣì ń wá kàwé lẹ́yìn Àlàásárì, wọ́n ń fà mí lọ́wọ́, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n lọ bẹ bàbá yẹn. Àga Ìyá Àgbà ò sí níwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́yìn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo rò pé ó ń bínú pé mo ba ọgbọ́n tó dá jẹ́. Mo ní sùúrù fún un, irú sùúrù tí àwa ajíhìnrere máa ń ní fún èèyàn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, gbogbo agbo ilé ló sìn mí jáde. Wọ́n gbé àpótí mi, wọ́n gbé ẹní mi, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ pé ará òkè ń padà sókè. A ò tíì jìnnà tí Ìyá Àgbà fi yọ lẹ́yìn wa. Ó gba agbọ̀n mi lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí lọ síwájú, òun ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ. Àwa méjèèjì rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìdúmọ̀tà kó tó lanu.

"Mo fi ọṣẹ sínú agbọ̀n ẹ," ó ní. "Mi ò mọ bí omi ibẹ̀ ṣe rí."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Mísì. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ ni mò ń sọ?"

Mo dúró. Òun ò dúró.

"Bàbá yẹn ní ṣé a gbà á gbọ́. Ṣé etí mi di ni? Ànábì Ísà, tí ẹ̀yin ń pè ní Jésù, ló ń sọ látìgbà tó ti dúró. Mùsùlùmí wo ni ò gba Ànábì Ísà gbọ́? Mo ní a gbà á gbọ́, kò purọ́ fún wa rí. Ànábì Ọlọ́hun wo ló máa ń purọ́ fún èèyàn?"

"Ṣùgbọ́n èmi lẹ wò, mà."

"Mo wò ẹ́. Mo ní kí n wò ó bóyá inú ẹ ti dùn."

"Torí tèmi lẹ ṣe wá, mà."

"Torí tìẹ la ṣe wá, mi ò sẹ́. Ṣé torí ẹ ni màá wọ ilé Ọlọ́hun lọ, màá dẹ̀ wá purọ́ níbẹ̀? Èmi, ní ọjọ́ orí mi? Mo sọ ohun tó wà níkùn mi. Ìwọ lo wá wọ yàrá lọ, tí o sọ fún bàbá oníkóòtù pé òpùrọ́ ni wá."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà!"

"Wàláhì, o sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa dẹ̀ wà níta, à ń wọ bàtà. O ò pè wá. O ò bi wá."

Títí dòní, mi ò lè búra pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn nìyẹn, tàbí pé ọ̀sẹ̀ méjì ìbínú ló kó o jọ. Mo ti gbé e yẹ̀ wò láìmọye ìgbà. Lójú pópó Ìdúmọ̀tà, ohun tó kọ lù mí ni pé òótọ́ ni, mi ò bi wọ́n. Ohun tí èmi gbà gbọ́ ni mo ti ń sọ fún ìyá yìí láti ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú agogo àti láìsí agogo. Mi ò bi í rí nípa tirẹ̀. Kódà lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bi í tó sì dáhùn, èmi ni mo tún lọ túmọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìdó, níbi tí màá ti wọ ọkọ̀ Àkókó, ti dúró. Wọ́n ti gbé àpótí mi sókè, kọ́ńdọ́tọ̀ ń lu ara ọkọ̀, ó ń pariwo pé kí n wọlé tí mo bá ń wọlé. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo Ìyá Àgbà. Mo kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó ní kí Ọlọ́hun ṣọ́ mi. Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo sì yíjú padà.

"Ìyá Àgbà," mo ní, "kí lẹ gbà gbọ́?"

Ó wò mí. Ó gbé agbọ̀n mi lé mi lọ́wọ́.

"Ìsinsìnyí lo wá ń bi mí," ó ní, "tí ọkọ̀ ń lọ."